Bí a ṣe ń tọ́ wáìnì wò nílé, tí a ó sì fi mọ oúnjẹ tó bá a lọ

Mímu yàtọ̀ sí títọ́wò. Ẹni tó ń mu wáìnì lè da ife mẹ́ta sọ́fun kó má rántí ìkankan nínú wọn lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń tọ́ ọ wò lè fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀mẹrin péré, kó sì sọ fún yín bó ṣe kan tó, bó ṣe ki tó, àti irú oúnjẹ tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn àbímọ́ni. Èèyàn ń kọ́ ọ ni, tábìlì ilé ìdáná sì tó o kọ́.

Wáìnì ojoojúmọ́ ni mò ń sọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe pé kí a mu ún láàárín ọdún kan sí mẹ́ta. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ máa fi nǹkan méjì wé ara wọn. Ife kan kì í sọ púpọ̀. Ife méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń tú àṣírí ara wọn.

Ká tó bẹ̀rẹ̀: aboyún, ẹni tó fẹ́ wakọ̀, ẹni tó ń lo oògùn tí ọtí lè bá jà, àti ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ìgò méjì

Ẹ wá méjì tí àwọ̀ wọn jọra ṣùgbọ́n tí ìwà wọn kò jọra. Bó bá jẹ́ funfun, ẹ mú Sauvignon Blanc, tó máa ń kan, tó sì máa ń ta sánsán bí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kí ẹ wá mú Chardonnay tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá igi, tó ki, tí òórùn rẹ̀ fara jọ bọ́tà. Bó bá jẹ́ pupa, ẹ mú Pinot Noir tó fúyẹ́ pẹ̀lú Cabernet Sauvignon tó le. Ìgò kan jẹ́ mìlílítà 750, tí ìwọ̀n ìtọ́wò kan bá sì jẹ́ mìlílítà 50, èèyàn mẹ́fà kò ní mu ìgò kọ̀ọ̀kan dé ìdajì. Ìyókù á wà fún oúnjẹ.

Ẹ ka ara ìgò. Ọ̀pọ̀ wáìnì ojoojúmọ́ ní ọtí tó wà láàárín 12% sí 14.5%. Bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ 8% tàbí 9%, bíi Riesling kan, wáìnì funfun láti ẹ̀bá odò Mosel ní Jámánì, ó sábà máa ń jẹ́ pé iṣẹ́ ìwúkàrà ti dáwọ́ dúró kó tó jẹ ṣúgà inú àjàrà tán, nítorí náà ṣúgà ṣì wà nínú rẹ̀. Lára wáìnì tó ń hó, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ara ìgò tó ń tanni jẹ, torí lédè wáìnì, "dry" ni èyí tí kò ní ṣúgà: síbẹ̀, Extra Dry ní ṣúgà ju Brut lọ. Ṣúgà inú Brut kì í tó gíráàmù 12 nínú lítà kan, Extra Dry wà láàárín 12 sí 17, Demi-Sec sì lè dé 50. Ẹni tó bá rò pé "Extra Dry" ni kò ní ṣúgà jù á kàn ṣe kàyéfì nígbà tó bá dé ẹnu ni.

Ìdérí onírin tí a ń fọwọ́ yí kì í ṣe àmì pé wáìnì kò dára. Bó bá jẹ́ èyí tí a fẹ́ mu láìpẹ́, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀ ju kọ́ọ̀kì, ìdérí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, lọ, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ìwọ̀n òtútù rẹ̀ ṣe

Ọ̀pọ̀ wáìnì kò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ àwa tí a gbé e kalẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. A máa ń mu funfun ní tútù jù, a sì máa ń mu pupa ní gbígbóná jù. Òtútù tó pọ̀ jù á sé òórùn mọ́lẹ̀, á sì mú kí wáìnì pupa korò. Ooru tó pọ̀ jù á gbé ọtí jáde, á máa ta yín nímú.

Fíríìjì ilé sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 4. Wáìnì tó ń hó ń fẹ́ 6 sí 8, funfun tó fúyẹ́ àti èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí à ń pè ní rosé ń fẹ́ 8 sí 10, funfun tó ki ń fẹ́ 10 sí 13, pupa tó fúyẹ́ ń fẹ́ 12 sí 14, pupa tó le ń fẹ́ 16 sí 18. Ẹ kò nílò ohun èlò kankan láti wọ̀n ọ́n: ẹ yọ funfun kúrò nínú fíríìjì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ṣáájú, kí ẹ sì ki pupa bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n. Bí àlejò bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ da yìnyín àti omi pọ̀ sínú korobá kí ẹ ri ìgò náà bọ inú rẹ̀. Yìnyín nìkan kì í yá bẹ́ẹ̀, torí omi ló ń lẹ̀ mọ́ ìgò yíká.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ife

Ní 1977, ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà ohun èlò kalẹ̀ fún gbogbo ayé, gbé ìlànà kan jáde fún ife ìtọ́wò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3591: ikùn rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ súnkì, kí òórùn lè kó jọ sínú rẹ̀ kó tó dé imú. Ife èyíkéyìí nílé yín tó bá ní ìrísí yẹn ti tó. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ife méjèèjì jẹ́ irú kan náà, kí ẹ fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lára wọn dáadáa, kí ẹ sì gbàgbé lọ́fínńdà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ da wáìnì dé ibi tí ikùn ife ti fẹ̀ jù, kó má kọjá ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wò ó

Ẹ má pẹ́ níbí. Ẹ gbé ife sókè aṣọ funfun tàbí bébà funfun, kí ẹ dà á dẹ̀gbẹ́. Funfun tó ti ń dúdú bí èso ápù tí a gé sílẹ̀, àti pupa tí etí rẹ̀ ti di àwọ̀ bíríkì nígbà tí kò tíì pé ọdún méjì, afẹ́fẹ́ ti lè wọ inú wọn. Bí ẹ bá rí nǹkan tó ń dán bí ìyẹ̀pẹ̀ ṣúgà ní ìsàlẹ̀ ìgò, kì í ṣe ìfọ́ ìgò. Iyọ̀ àjàrà tó dì nítorí òtútù ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbóòórùn rẹ̀

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohun tí ahọ́n lè mọ̀ kò ju kíkan, kíkorò, iyọ̀, adùn ṣúgà àti adùn omi ẹran lọ. Gbogbo ìyókù tí à ń pè ní "ìtọ́wò", imú ló ń bá wa ṣe é. Ẹ di imú yín kí ẹ tó fẹnu kan wáìnì, ẹ ó rí i.

Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn láìmi ife. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife sórí tábìlì, ẹ fi ìka di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ yí i bí ẹni ń lọ nǹkan, kí wáìnì pòyì nínú rẹ̀. Ẹ tún gbóòórùn. Ẹ lọ sí ife kejì, kí ẹ padà sí ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí ẹ bá padà yẹn ni imú máa ń sọ òótọ́.

Kí ni kí ẹ pè é? Ẹ má wá ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kéékèèké: ṣé èso ni, àbí ewé, àbí igi, àbí ilẹ̀? Bó bá jẹ́ èso, ṣé ó pọ́n àbí kò pọ́n? Ann Noble, olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Davis, ló gba ọ̀nà yìí nígbà tó ya àwòrán òbíríkítí kan láàárín àwọn ọdún 1980, tí ọ̀rọ̀ gbogboogbò wà ní àárín rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó sì wà létí. Láti inú lọ sí etí ni kí ẹ máa lọ.

Kò sẹ́ni tó bu èso tàbí ata sínú ìgò o. Òórùn ata tútù tó wà nínú Cabernet Sauvignon àti Sauvignon Blanc wá láti inú àjàrà fúnra rẹ̀. Òórùn fànílà wá láti ara àgbá igi. Ti bọ́tà inú Chardonnay, bakitéríà ló ṣe é nígbà tó ń sọ ásíìdì líle di èyí tó rọ̀. Èyí tó sì jọ mí lójú jù ni òórùn ata oníhóró dúdú inú wáìnì Syrah: ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ rotundone ló fà á, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún tó gbóòórùn rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, bí aya yín bá ń gbọ́ òórùn ata tí ẹ̀yin kò sì gbọ́, ẹ má jiyàn. Ó lè jẹ́ pé imú yín kò ní ilẹ̀kùn fún un ni.

Imú náà ló ń fi wáìnì tó bàjẹ́ hàn. Bó bá ń rùn bí páálí tó rẹ sómi tàbí yàrá tí òjò ń jò sí, kọ́ọ̀kì ti kó èròjà kan tí à ń pè ní TCA ràn án, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ dá a padà; ìdérí onírin ni kì í sábà ní ìyọnu yìí. Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan tàbí ohun tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ó ti ń kan gógó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òórùn ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ẹ fara balẹ̀: ẹ mi ife dáadáa, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sábà máa ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi sẹ́nu

Ẹ mu ìwọ̀n tó kún ṣíbí kan. Ẹ má tíì gbé e mì. Ẹ jẹ́ kó kan gbogbo ẹnu, ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba àárín eyín wọlé, kó máa dún bó bá fẹ́ dún, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e mì tàbí kí ẹ tu ú sínú ife mìíràn. Títu kì í ṣe ìwà àìmọ̀wàáhù lẹ́nu iṣẹ́ yìí; ẹni tó bá ń tọ́ mẹ́fà wò tí kò tu, ìkẹta ló ti parí fún.

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wá. Níbí sì ni èdè wa ti ń dá wàhálà díẹ̀ sílẹ̀. "Ó dùn" lè túmọ̀ sí pé ṣúgà wà níbẹ̀, ó sì lè túmọ̀ sí pé ẹnu gbà á. Wáìnì tí kò ní ṣúgà rárá lè dùn mọ́ni gan-an. "Ó korò" náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ, ohun tí ẹni náà ní lọ́kàn ni pé ó kan, tàbí pé ó ń gbẹ òun lẹ́nu. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣúgà: ahọ́n máa ń tètè gbọ́ ọ. Ẹ ṣọ́ra, òórùn èso tó pọ́n lè mú kí ẹ rò pé ṣúgà wà níbi tí kò sí.

Kíkan: ẹ gbé e mì, ẹ la ẹnu díẹ̀, ẹ tẹ orí ba sílẹ̀. Bí itọ́ bá ṣe yára sun tó ni wáìnì náà ṣe kan tó.

Tánìnì: òun ló ń gbẹ ẹnu, tó ń mú kí èèyàn máa fi ahọ́n pa eyín. Ara èèpo àti kóró àjàrà ló ti wá, àti lára àgbá igi. Torí èèpo ló jẹ́ kí pupa ní púpọ̀ rẹ̀, nígbà tí funfun kò ní tó bẹ́ẹ̀: wọ́n fún omi àjàrà funfun kúrò lára èèpo kó tó di ọtí, pupa sì di ọtí pẹ̀lú èèpo nínú. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ ki tíì sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsí wàrà, láìsí ṣúgà, kí ẹ mu ún. Bó ṣe ń fa ẹnu pọ̀ yẹn, tánìnì nìyẹn. Ó ń so mọ́ èròjà tó ń mú itọ́ yọ̀, ìyẹn ló fi ń dà bí ẹni pé ẹnu ti gbẹ.

Ìwúwo: ṣé ó ṣàn bí omi àbí ó ki bíi wàrà? Ọtí ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, àti ṣúgà. Bí ọ̀fun bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ gbé e mì, ọtí pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ fún ife kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan péré.

Ìgbésẹ̀ keje: àwo kékeré

Bó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lẹ máa ṣe, èyí ni kí ẹ ṣe. Ìròyìn ò tó àfojúbà, ìwé mẹ́wàá lórí wáìnì àti oúnjẹ kò tó àwo yìí.

Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a gé, ata gígún, àti olú tí a sè láìfi iyọ̀ sí i sínú àwo kan. Ẹ gbé wáìnì funfun kan àti pupa kan síwájú yín, pẹ̀lú omi àti búrẹ́dì láti fi fọ ẹnu láàárín. Ẹ tọ́ wáìnì wò, ẹ tọ́ nǹkan kan láti inú àwo, ẹ tún wáìnì tọ́ wò.

Lẹ́yìn ọsàn wẹ́wẹ́, wáìnì tó ń kan á rọ̀ lójijì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé wọ́n fi ṣúgà sí i. Èyí tí kò kan á dà bí omi. Lẹ́yìn iyọ̀, ẹ ó rí i pé pupa tó le ti rọ̀, èso inú rẹ̀ sì yọ síta. Lẹ́yìn ṣúgà, ẹ ó fẹ́ da wáìnì náà nù: ó ṣàn, ó kan, ó korò. Lẹ́yìn ata, ọtí á máa jó bí iná, pàápàá pupa tó ní 14%. Olú ni yóò ya yín lẹ́nu jù: adùn omi ẹran tó wà nínú rẹ̀ ń mú kí pupa korò, kó sì gbẹ ẹnu, ẹ wọ́n iyọ̀ sórí olú kan náà, ẹ fún ọsàn sí i, ẹ tún un ṣe, ìkorò náà á ti lọ.

Èyí túmọ̀ sí pé iyọ̀ àti kíkan inú oúnjẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ wáìnì. Ṣúgà, ata àti adùn omi ẹran ni ẹni tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bí wáìnì tí ẹ ti ṣí bá le jù fún oúnjẹ tó wà nílẹ̀, ẹ má sáré lọ ra òmíràn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí oúnjẹ náà, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ gbé e lọ sídìí oúnjẹ

"Pupa fún ẹran, funfun fún ẹja" kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹran nìkan ló wò. Ọbẹ̀ tó wà lórí ẹran ló ń sọ̀rọ̀ jù. Adìẹ tí a sè pẹ̀lú bọ́tà àti wàrà ń pe Chardonnay. Adìẹ kan náà nínú ọbẹ̀ tòmátì ń pe pupa tó ń kan, bíi ti àjàrà Sangiovese tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì Chianti ní Ítálì, torí tòmátì fúnra rẹ̀ ń kan, wáìnì tí kò bá kan tó o á rọ jọwọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹran màlúù sísun tó ní ọ̀rá àti iyọ̀ ni ibi tí Cabernet Sauvignon ti ń tàn. Tánìnì rí ohun mìíràn so mọ́ yàtọ̀ sí itọ́ yín, iyọ̀ sì ń tù ú lójú. Ẹja ọlọ́ràá pẹ̀lú pupa ni kí ẹ yẹra fún: ní 2009, àwọn olùwádìí ní Japan fi hàn pé irin tó wà nínú àwọn wáìnì pupa kan ló ń fa òórùn ẹja tó máa ń kù sẹ́nu. Ìwọ̀n irin náà kò dọ́gba nínú gbogbo ìgò, ìyẹn ló fà á tí ẹlòmíràn fi ń mu Pinot Noir pẹ̀lú ẹja tí kò sì rí nǹkan kan.

Oúnjẹ díndín? Wáìnì tó ń hó, Brut. Kíkan àti ìhó rẹ̀ ń gé òróró kúrò lẹ́nu. Oúnjẹ tó ta lẹ́nu ń fẹ́ wáìnì tí ọtí rẹ̀ kéré, tí ó tutù, tí ó ní ṣúgà díẹ̀. Riesling ti Mosel tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣe é dáadáa. Oúnjẹ aládùn lẹ́yìn oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá wáìnì tó ní ṣúgà jù ú lọ pàdé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ṣokoléètì pẹ̀lú pupa líle. Ẹ rántí ohun tí ṣúgà ṣe nínú àwo kékeré, kí ẹ ṣe ìdájọ́ fúnra yín.

Ní ti wàràkàṣì, èrò tèmi ni pé funfun ló yẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn ju pupa lọ. Àwọn tó rọ̀, tó sì ní ọ̀rá, ń mú kí pupa korò. Èyí tó le, tó ti pẹ́, tó ní iyọ̀ gan-an ló lè gba pupa.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ bo ìgò

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi bébà wé àwọn ìgò náà, kí ẹ tọ́ wọn wò láìmọ èwo ni èwo. Ojú àti owó máa ń tan ahọ́n jẹ. Ní 2001, olùwádìí Frédéric Brochet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux nílẹ̀ Faransé tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n po àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, wọ́n sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún pupa ni wọ́n fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Caltech, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, fún àwọn èèyàn ní wáìnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ dọ́là 10, èkejì dọ́là 90. Èyí tí wọ́n pè ní dọ́là 90 ni wọ́n gbádùn jù.

Ẹ gbìyànjú ife mẹ́ta: ẹ da wáìnì kan náà sínú méjì, kí ẹ da òmíràn sínú ẹ̀kẹta, kí ẹ wá èyí tó dá yàtọ̀. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá kùnà, ẹ padà sórí tánìnì àti kíkan. Àwọn méjèèjì kì í tètè tanni jẹ bí òórùn.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ohun tó ṣẹ́ kù

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ da ìyókù sínú ìgò kékeré tó mọ́ títí yóò fi kún dé ẹnu, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì, títí kan pupa. Ọ̀pọ̀ á wà dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó ń hó kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn bí ìdérí rẹ̀ bá le. Ẹ lè fi èyí tó kù díẹ̀ se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi èyí tó ń rùn bíi páálí tàbí tó ti kan gógó sè, torí iná kò ní tún un ṣe.

Kí ẹ tó dà á sínú ìkòkò, ẹ tún un tọ́ wò lọ́jọ́ kẹta. Pupa tó le lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè ti rọ̀, funfun lè ti pàdánù òórùn koríko rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sábẹ́ gbólóhùn kan tí ẹ kọ lọ́jọ́ kìíní.